Ìyìn Olówó àti Ìyìn Oníṣẹ́

Bí iṣu titun bá ti ń yọjú nínú ebè, tí àwọn ọmọ Ana tí wọ́n fọ́n káàkiri Lomé, Kútọnu àti Èkó sì ti ń di ẹrù láti wá bá ará ilé ṣe ọdún, ìgbà náà gan-an ni ìwé ìpè máa ń kún ọwọ́ àwọn ènìyàn ńláńlá ìlú wa, Atakpamé olókè méje, ìlú tí àlejò kì í mọ̀ tán bí kò bá tíì gòkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀: ẹgbẹ́ kan fẹ́ tún ilé ìgbẹ̀bí ṣe, òmíràn fẹ́ gbẹ́ kànga fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀kẹta fẹ́ ra awò ojú fún àwọn arúgbó, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń wá bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ìsàlẹ̀ tí yóò jókòó síwájú ní ọjọ́ ìkówójọ.

A kò sọ pé èyí kò dára. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, owó sì ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere; bí a bá ní kí á máa dúró de ìjọba nìkan lórí gbogbo ohun tí ó wọ́ ní ẹkùn Ogou, irun orí wa yóò funfun tán kí nǹkan tó gún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó sí irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ rí mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Atọ́kùn ètò a gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, a pe olówó kan ní orúkọ, a kì í, a gbé e gun ẹṣin aáyán, onílù a sì fi ìlù gbè é lẹ́sẹ̀. Olówó a dìde, a ṣẹ́ apá agbádá sórí èjìká, a ní òun fi ìdajì mílíọ̀nù fráńkì ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, àtẹ́wọ́ a sì gba gbogbo ilé kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kan tí ń ta gàrí lọ́jà yóò tú etí ìró rẹ̀ níbi tí ó di owó sí, yóò yọ ẹgbẹ̀rún fráńkì kan tí ó ti ká roboto bí ìka ọmọdé, yóò fi í sínú igbá tí ó wà lórí tábìlì, yóò sì padà sí ìjókòó rẹ̀ láìsí ẹni tí ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Owó ìyá yìí ti wọ igbá. Ti olówó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n ní yinni yinni kí ẹni ó ṣe mìíràn ni wọ́n tún sọ pé bí a bá ṣe oore, kí á má lóṣòó tì í, ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jà kò tíì wo ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú ni wọ́n ń bá wí nínú ti ìṣáájú, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ abara-ń-móore-jẹ. Olóore ni wọ́n ń bá wí nínú èkejì, pé kí ó ṣe é, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Ohun tí a rí ní àpèjọ ìkówójọ òde òní ni pé olóore ni ó ń fi owó ra ìyìn ara rẹ̀, tí ó sì lóṣòó tì í, ará ìlú ń wòran.

Àṣà ẹgbẹ́ aláàánú irú èyí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ àti àjọ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé 1905 ni Paul Harris, agbẹjọ́rò kan ní Chicago, pe àwọn mẹ́ta mìíràn jọ tí ẹgbẹ́ Rotary fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ náà sì jáde láti inú bí ìpàdé wọn ti ń yí kiri láti ọ́fíìsì ọmọ ẹgbẹ́ kan dé ti èkejì. Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, ní 1907, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ilé ìyàgbẹ́ ìgboro ni wọ́n ń jà fún, kí àwọn èrò ìlú lè rí ibi wọ̀ bí inú bá ń lọ́ wọn. (Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa bóyá bàbá ìsàlẹ̀ kan wà ní Atakpamé lónìí tí yóò gbà kí á kọ orúkọ òun sára ilé ìyàgbẹ́.) Ọdún méjìlá lẹ́yìn Rotary, ní 1917, ni Melvin Jones dá ẹgbẹ́ Lions sílẹ̀ ní Chicago kan náà, nígbà tí ó di 1925 ni Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, dìde níwájú wọn, tí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n di ajagun fún àwọn afọ́jú, láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn ojú sì ti di ọ̀ràn Lions.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí náà mọ adùn ìyìn. Láti 1957 ni Rotary ti ń fi oyè Paul Harris Fellow dá ẹni tí ó bá fi 1,000 dọ́là sínú àpò ẹgbẹ́ lọ́lá, Lions sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973 ní orúkọ Melvin Jones, iye kan náà. Owó yìí ju 500,000 fráńkì CFA lọ. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù tí òfin Togo ní kò gbọdọ̀ dín, èyí tí í ṣe 52,500 fráńkì láti 2023, yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, láìjẹ, láìmu, láìsanwó ilé, kí ó tó lè kó o jọ. Ìlẹ̀kẹ̀ oyè bẹ́ẹ̀ kò lè kan ọrùn oníṣẹ́ láé, bí ó bá jẹ́ pé owó ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi rà á. Ṣùgbọ́n àyè kan wà nínú àṣà Rotary tí a ń fẹ́ kí àwọn tiwa fojú sí: ẹni tí ó san owó lè ní kí á fi oyè náà fún ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ní fráńkì kan lápò.

Ta ni onítọ̀hún láàárín wa? Ní oṣù Ògún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Togo ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ́gun mẹ́rin nínú àwọn àrùn tí ayé ti pa tì: sòbìà, tí a gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 2011, jàbùtẹ̀ ní 2017, àrùn oorun ní 2020, àti trachoma tí í fọ́ni lójú ní 2022 fúnra rẹ̀. Ìjọba gba ìyìn, ó sì tọ́ sí i. Àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí kòkòrò dúdú kékeré tí í yé ẹyin síbi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ń kó ranni, ni a ṣì ń bá jà. Togo wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí ní 1974, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń fọ́n oògùn sórí odò, ilé iṣẹ́ Merck sì ṣe ìlérí ní 1987 pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan tọrẹ títí yóò fi di pé a kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀fẹ́ kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé e láti agboolé dé agboolé ni ọmọ abúlé kan tí àwọn ará abúlé fúnra wọn yàn, ìwé orúkọ ní abíyá, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Ọ̀pá yìí ni òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè máa ru ìwọ̀n kílò kiri inú oko: yóò ní kí ènìyàn bọ́ bàtà, kí ó nà ró, kí ó fẹ̀yìn ti ọ̀pá, yóò sì wo ibi tí àtàrí rẹ̀ dé. Ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ńtímítà kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ gba hóró kan, ẹni tí ó tó 120 gba méjì, ẹni tí ó tó 141 gba mẹ́ta, ẹni tí ó bá ti tó 159 gba mẹ́rin. Aboyún kò sì gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Yóò dúró títí ẹni náà yóò fi gbé e mì lójú òun, yóò sàmì sínú ìwé, yóò sì sáré wọ agboolé kejì kí wọ́n tó gba oko lọ. Irú ẹni yìí ni a kò tíì rí kí wọ́n pè síwájú rí ní àpèjọ ìkówójọ kankan tí a lọ. Bí bàbá ìsàlẹ̀ kan bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ orúkọ òun, ẹ jẹ́ kí ó san owó rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ọlọ́pàá gígùn náà. A ó gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì.

Ẹ wo ìwé tí ó há sí abíyá rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí hóró oògùn kan tí kò ní orúkọ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí ó ṣẹ́kù ni ó sì ní láti dá padà. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ni ó lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn lórí fráńkì tí wọ́n gbà? Alájọ tí kò bá lè sọ ibi tí owó onígbá wọlé sí, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí ní àárín ọjà. Kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ aláàánú, tí ó gba owó ní orúkọ aláìsàn àti arúgbó, yóò fi kéde iye tí wọ́n ṣèlérí lóhùn òkè, tí yóò sì pa iye tí ó wọlé mọ́ sínú? Mo-ó-fún-ọ kò tíì di mo-ti-fún-ọ. Ohun tí a ń bèèrè kò ju pé, ní àpèjọ ọdún yìí, kí atọ́kùn ètò tó pe orúkọ kankan, kí akápò kọ́kọ́ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ka ìlérí ọdún tí ó kọjá, ẹni tí ó san, ẹni tí kò san, ohun tí a fi owó náà rà, àti ibi tí ohun náà wà lónìí tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ wò ó.

Àwọn kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ti sọ fún wa pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ àwọn olówó yóò sá. Ẹni tí ó bá sá nítorí pé a ka ìlérí òun tí kò san, owó wo ni ó gbé sá lọ? Àwọn tí wọ́n san, inú wọn yóò dùn pé ìlú gbọ́. Ìyá oní-gàrí náà yóò sì gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹgbẹ̀rún fráńkì òun wà nínú bíríkì ilé ìgbẹ̀bí. Ní tiwa, ìṣirò tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí bá mú wá, a ó tẹ̀ ẹ́ láìgba fráńkì kan, ní ojú ìwé kan náà tí a ti máa ń tẹ àwòrán àwọn bàbá ìsàlẹ̀.