Ẹ̀gúsí inú ọ̀rá kò yẹ ilé wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdàáṣà àti ní Àjàṣẹ́! Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ti rí: ẹ̀gúsí lílọ̀ tí a ń rà nínú ọ̀rá ń ba ọbẹ̀ wa jẹ́, ó sì ń jẹ owó wa.

Àwa la ń gbin bàrà. Àwa la ń fọ́ ọ, tí a ń jẹ́ kí ara rẹ̀ tó korò yẹn jẹrà, tí a ń fọ kóró rẹ̀, tí a ń sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, a ó ta gbogbo rẹ̀ lásìkò tó pọ̀ lọ́jà. Tó bá di ìgbà ọ̀wọ́n, a ó tún lọ ra ìyẹ̀fun rẹ̀. Ta la fẹ́ dá lẹ́bi?

Nǹkan bí ìdajì kóró ẹ̀gúsí ló jẹ́ òróró. Èèpo rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Bí a bá bó o, afẹ́fẹ́ wọlé. Bí a bá lọ̀ ọ́, kíá ni òróró náà ń bàjẹ́, tí ọbẹ̀ á máa korò lọ́nà ọ̀fun. Bí omi bá kàn án, ó bu. Irú èébu kan wà tó ń mú májèlé aflatoxin jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, iná ìdáná kò sì lè pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí tó gbẹ dáadáa, tó wà nínú èèpo rẹ̀, nínú garawa tó ní ìdérí, tí kò fara kan ilẹ̀, a lè jẹ ẹ́ títí di ìkórè mìíràn. Èyí tí a ó sè lọ́sẹ̀ náà nìkan ni ká bó. Ẹ wo bó ṣe ń dì nínú ọbẹ̀! Ẹ wo bí róbó rẹ̀ ṣe ń ta sánsán! Kò nílò Maggi mẹ́ta.

Àwọn ìyá wa á ní: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ò mọ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀gúsí bíbó.” Òótọ́ ni. Àwa ọkùnrin tí a kọ́kọ́ ń ṣa èyí tó dì nínú ọbẹ̀, ọwọ́ wa kì í kan èèpo. Ọ̀rá kọ́ ni oògùn àárẹ̀ wọn, ọwọ́ tiwa ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lálẹ́, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó yí atẹ ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nínú kíláàsì wa, ọmọ tó mọ goussi nínú Faransé pọ̀. Ẹ bi wọ́n ní irú igi tó ń so ó, wọn á dákẹ́. Wọn ò mọ̀ pé igi kọ́, ìtàkùn ilẹ̀ ni. Ọmọ tí kò bó ẹ̀gúsí rí, báwo ni yóò ṣe mọ bàrà?

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fa atẹ sọ́dọ̀ lálẹ́ òní.