Ọ̀rọ̀ Agbo Ilé: Àkàrà àti Ẹ̀kọ ní Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kéré ní ojú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òwúrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti wí tẹ́lẹ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ó ti rí fún àgbà ni ó rí fún ọmọdé, bí ó sì ti rí nínú ilé ni ó rí ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún yìí, àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó yí wa ká, ni pé ọmọ yóò jí, yóò mu ẹ̀kọ gbígbóná tí a bu ṣúgà díẹ̀ sí, yóò nu ẹnu rẹ̀, yóò sì gbé àpò ìwé kọ́ èjìká. Ẹ̀kọ náà gbóná, ó dùn, ó sì kún ikùn. Ṣùgbọ́n kí agogo mẹ́wàá tó lù, ọmọ náà ti ń yán, ojú rẹ̀ ti ń rọ̀, olùkọ́ sì ti ń pè é ní ọ̀lẹ. Ǹjẹ́ ọ̀lẹ ni ọmọ yìí ní tòótọ́? Àwa kò tètè gbà bẹ́ẹ̀. A rò pé àbọ̀ oúnjẹ ni a fún un. Àwọn baba ńlá wa kò ya ẹ̀kọ nípá kúrò lára àkàrà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé ka iwájú ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀. Àwa ni a mú ọ̀kan, tí a sì fi èkejì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí ìdí rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi gbọdọ̀ jọ rìn. Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti gba orí òkun wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tán. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni í ṣe, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wa yìí sì ni ó ń gbìn ín jù lọ ní gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn ìyá wa fi ògì àgbàdo jẹ àkàrà ẹ̀wà, àlejò àti onílé ni wọ́n fi pàdé nínú àwo kan. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti fi hàn pé ìpàdé náà dára ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà, tí ń tún ẹran ara ṣe, ni wọ́n ń pè ní purotéènì. Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 23 tàbí 24 ni purotéènì. Ti àgbàdo kò ju nǹkan bí 9 tàbí 10 lọ. Bí a bá sì sẹ́ ògì, tí a da eèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́, apá kan nínú èyí tí ó wà níbẹ̀ ti bá eèrí lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn èròjà kan wà tí àgbàdo ṣe aláìní, tí ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀wà ṣe aláìní, tí àgbàdo ní. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó wẹ ọwọ́ òsì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn a máa wú, awọ ara wọn a máa bó, inú wọn kì í sì í dùn sí ohunkóhun. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú ni, tí ó sì jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ṣáá ni a fi ń bọ́ wọn. Ní ọdún 1935 ó pe àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn ìyá ilẹ̀ Gà ń pè é: kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn tí ń bá ọmọ àkọ́kọ́ nígbà tí a bá bí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ wo bí àwọn ìyá wọ̀nyí ti mọ̀ tó! Wọ́n ti rí i pé ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, tí a kò fi ohun tí ó tó ọmú rọ́pò, ni ewu ń bẹ fún.

Ó sì ṣẹlẹ̀ nítòsí wa pẹ̀lú. Láti ọdún 1956 títí di ọdún 1961, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí òṣùwọ̀n láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì ń fi àmì sí orí páálí kan tí ìyá ọmọ ń gbé lọ sí ilé. Bí àmì náà bá ń gun òkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró sí ojú kan tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ kò tó tàbí àìsàn ti wọlé, ìbáà jẹ́ pé ojú kò tíì rí i. Láti ibẹ̀ ni irú páálí bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí wọ́n ń fún ní páálí ní ibi ìgbàbẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má ṣe fi dí orí ìgò. Ìwé Ọ̀ṣun ni.

Àwọn kan yóò wí pé, “Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkàrà pọ̀, ta ni yóò bó ẹ̀wà ní kùtùkùtù?” A gbọ́. Iṣẹ́ náà pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Kò pọ̀ fún agbo ilé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyí tí a fi yan òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí kò sí agogo ilé ẹ̀kọ́ tí ń lé ènìyàn. Kí bàbá ṣa ẹ̀wà, nítorí pé ojú rẹ̀ mọ òkúta. Kí àwọn ọmọkùnrin bó o, nítorí pé àkàrà kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni ó bó òun tàbí obìnrin. Kí àwọn ọmọbìnrin ge àlùbọ́sà. Kí ìyá dúró ti iná. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀, ìyá ibẹ̀ pàápàá yóò rí àyè jókòó jẹun nígbà tí ó ṣì gbóná.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí. Fún ilé ènìyàn mẹ́fà, agolo mílíìkì 3 ẹ̀wà tó. Ẹ ṣà á mọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí èèpo rẹ̀ lè sọ. Bí ó bá pẹ́ jù, inú ẹ̀wà yóò rọ̀, yóò sì máa fọ́ mọ́ èèpo. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rin ín, ẹ da omi lé e, èèpo yóò léfòó, ẹ ó sì dà á nù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi funfun. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tún rẹ ẹ́ sínú omi mìíràn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ó lè lọ̀ kúnná. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín iṣẹ́ òwúrọ̀ kù lè bó o ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù.

Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo 2 tàbí 3, ẹ má sì ṣe da omi púpọ̀ sí i. Kìkì èyí tí ọlọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta yóò fi yí ni kí ẹ dà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Omi púpọ̀ a máa sọ àkàrà di pẹlẹbẹ, a sì máa mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí ó bá kúnná, ẹ dà á sínú odó tàbí àwo jíjìn, kí ẹ sì fi ọmọ odó tàbí ṣíbí onígi lù ú kíkankíkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ń fi sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ni ó ń mú kí àkàrà wú, kí inú rẹ̀ sì rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó, ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: bí ó bá léfòó, ó tó, bí ó bá rì, ẹ tún lù ú. Àlùbọ́sà gígé àti iyọ̀ ni ó kẹ́yìn, nígbà tí epo ti gbóná tán, nítorí pé bí wọ́n bá pẹ́ nínú rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi.

Kí òróró tàbí epo pupa inú agbada jìn tó kí àkàrà lè léfòó nínú rẹ̀. Ẹ ju ẹyọ àlùbọ́sà kan sí i: bí ó bá hó lójú ẹsẹ̀, epo ti yá, bí epo bá ń rú èéfín, ó ti gbóná jù. Ẹ fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún ara wọn. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá pọ́n, ẹ yí i padà, lẹ́yìn náà ẹ kó o sínú asẹ́ kí epo ara rẹ̀ lè ro. Kí ọmọdé má ṣe súnmọ́ agbada. Bí iná bá gbá epo mú, ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi sí i rárá. Ẹ pa iná ìsàlẹ̀, ẹ sì fi ọmọrí dé e.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Májèlé ni. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní gbangba ọjà, nítorí ewu yìí àti àwọn ewu mìíràn. Ẹ̀wà tí ó ń rùn bí oògùn, ẹ má ṣe rà á, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Ẹni tí ó bá sì ra púpọ̀, kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí ó sì dé e pinpin. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú, láìsí májèlé kankan.

Kí a má ṣe fi ojú kékeré wo oúnjẹ yìí. Àwọn aláwọ̀ funfun ní àkàrà òwúrọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní waffle, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì pò, tí wọ́n sì ń yan láàrin irin méjì tí ó ní ojú bí afárá oyin. Ó dùn, a kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tiwa náà ti rìn jìnnà. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì gbé e lọ nínú orí wọn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dín in nínú epo pupa títí di òní, wọ́n ń pè é ní acarajé, ìjọba Bràsíìlì sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2005. Nítòsí wa, ta ni ó gba ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ tí kò mọ àkàrà Òṣu? Ohun tí kò sọnù lórí òkun, kí ó má ṣe sọnù nínú ilé wa.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń pín in. Àṣà wa ni pé kí a bu ti bàbá ṣáájú, kí a sì bù ú púpọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti ọmọ. Àwọn mìíràn ṣì ń sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran àti ẹyin yóò di olè. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ebi ti sọ ọmọ di olè ju ẹyin lọ. Bàbá ti dàgbà tán. Ọmọ ni ó ń kọ́ egungun rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ bu ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ṣáájú, kí ẹ rún un sínú ẹ̀kọ rẹ̀ láìsí ata púpọ̀. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan tó o. Lẹ́yìn náà kí gbogbo ilé jókòó yí tábìlì ká, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí a sì jẹun.

Bàbá tí ó bá fi àkàrà kan sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun.