Bátìrì ọ̀kadà oníná: Bí yíyọ rẹ̀ bá le, ọlọ́kadà ni yóò jẹ ìyà rẹ̀

Bí ẹnu bá kan ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí kì í lo epo, ohun mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè: èló ni wọ́n ń tà á, báwo ni eré rẹ̀ ṣe tó, ibo ni yóò sì gbé ni dé kí iná inú rẹ̀ tó tán. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ bátìrì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá ń fi ọ̀kadà wá oúnjẹ òòjọ́ yóò yọ bátìrì yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ohun téèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré, bó ti wù kó rí lójú ẹni tí kò kàn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ tó gbàjọba pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba l'Ékòó kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ìyà náà mọ sí. Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, epo tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè kọjá láti ọ̀dọ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà wọn, ìyẹn àwọn zémidjan, gbójú lé. Bí epo ṣe gbówó lórí lọ́dọ̀ wa ló gbówó lórí lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Ibi tí ọ̀kadà oníná ti rí àyè wọlé nìyẹn. Iléeṣẹ́ MAX, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2015, fi ọ̀kadà elépo bẹ̀rẹ̀ kó tó yà sí ti oníná. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ Spiro lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ọdún 2022 pẹ̀lú orúkọ M Auto, kó tó tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ọgbọ́n tí irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò ni pàṣípààrọ̀ bátìrì. Ọlọ́kadà kò ní í jókòó fún wákàtí mélòó kan kí bátìrì tó gba iná. Yóò yà sí ibùdó, yóò yọ èyí tó ti kú, yóò ki èyí tó kún bọ ibẹ̀, yóò sanwó, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí gbogbo ètò iná orílẹ̀-èdè sì dojú dé ní àìmọye ìgbà lọ́dún 2024, ọgbọ́n yìí kò burú rárá, nítorí ẹni tó ni ibùdó ni yóò máa wá iná kiri, kì í ṣe ọlọ́kadà.

Ṣùgbọ́n orí ohun kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: kí bátìrì náà yọ wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọlọ́kadà kan ń pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló lò. Bó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ há, tí wáyà kọ̀ tí kò tú, tó fi di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣẹ́jú 45 ti lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 36 lójúmọ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 26 lóṣù, ó lé ní wákàtí 15 tí kò fi gbé èrò kankan. Owó ilé ìwé ọmọ lè wà nínú wákàtí wọ̀nyẹn.

Kí ló ń mú kí bátìrì ṣòro yọ? Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ kí ọ̀kadà rìn jìnnà, bátìrì rẹ̀ yóò tóbi, yóò sì wúwo. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kò fi tipátipá ṣe é. Ní Taiwan, iléeṣẹ́ Gogoro tó gbé alùpùpù rẹ̀ jáde ní ọdún 2015 pín agbára náà sí bátìrì kéékèèké méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bíi kílò mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lọ. Honda ti ilẹ̀ Japan náà ṣe tirẹ̀ ní nǹkan bíi kílò mẹ́wàá, wọ́n sì fi ibi ìdìmú sí orí rẹ̀, kéèyàn lè fà á sókè bí ẹni fa korobá láti inú kànga. Ohun tí obìnrin àti àgbàlagbà lè gbé láìsí pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Èkejì ni ọ̀nà tí bátìrì ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìjókòó ló wà, tó sì ń gòkè tààrà, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí wọ́n bá fi bóòtù dè é mọ́ ara irin, tí èèyàn ní láti wá sípánà kó tó tú u, a jẹ́ pé kì í ṣe nítorí pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ojú ibi tí iná ti ń kọjá. Wáyà tí èèyàn ń fi ọwọ́ fà yọ, tó tún ń fi ọwọ́ tì bọ ibẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń dẹ̀. Bó bá ti dẹ̀, yóò máa gbóná, yóò máa ta pàrà, nígbẹ̀yìn yóò jó. Èyí tó dára jù ni kí ojú iná náà wà nísàlẹ̀ kòtò bátìrì, kí irin tí yóò máa darí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé bí bátìrì bá ti jókòó, ojú méjèèjì yóò pàdé fúnra wọn. Ẹ̀kẹrin ni kọ́kọ́rọ́. Eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí wẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lè dípẹtà kí ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan tó kọjá lórí rẹ̀.

Tibi tire la dá ilé ayé. Ohun tó rọrùn fún ẹni tó ni ín láti yọ, ó lè rọrùn fún olè náà. Bátìrì sì ni ohun tó wọ́n jù lára ọ̀kadà oníná. Èyí tó tún léwu ju olè lọ ni iná. Bátìrì tó bá yọ wẹ́rẹ́ ni èèyàn máa ń gbé wọlé, tí yóò fi síná lóru. Bí inú bátìrì líthíọ́ọ̀mù bá ti bàjẹ́, ooru rẹ̀ a máa bí ooru mìíràn, omi kì í sì í tètè pa á. Ní ìlú New York, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri ti ń lo kẹ̀kẹ́ oníná, èèyàn 18 ló kú sínú irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2023 nìkan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba ìlú ọ̀hún fòfin de títa kẹ̀kẹ́ àti bátìrì tí kò bá yege àyẹ̀wò ààbò. Ẹ wá fojú inú wo ilé tiwa, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo wà láàárín, tí ẹnìkan sì fi bátìrì síná lẹ́nu ọ̀nà. Bí iná bá sọ, ibo ni àwọn tó wà nínú yóò gbà jáde? Ìdí nìyẹn tí pàṣípààrọ̀ ní ibùdó fi sàn ju gbígbé bátìrì wọlé lọ, bí ibùdó bá pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ni ti ẹni tó ni bátìrì. Nínú ètò pàṣípààrọ̀, iléeṣẹ́ ló sábà máa ń ni ín, ọlọ́kadà kàn ń yá a lò ni. Bátìrì iléeṣẹ́ kan kì í sì í wọ inú ọ̀kadà iléeṣẹ́ mìíràn. Bí iléeṣẹ́ bá fowó lé owó pàṣípààrọ̀, tàbí tó kó ibùdó rẹ̀ kúrò ní àdúgbò, ọ̀kadà di ère. Epo kò rí bẹ́ẹ̀; ilé epo yòówù téèyàn bá yà sí ni yóò ti rà á. Lọ́dún 2021, Honda, Yamaha, KTM àti Piaggio gbìmọ̀ pọ̀ láti ṣe bátìrì oníwọ̀n kan náà. Bí àwọn tó ń bára wọn dupò ọjà bá lè jókòó papọ̀, kí ló ń dá tiwa dúró?

Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti gbé ìgbésẹ̀ tiwọn. Òfin bátìrì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 sọ pé láti ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2027, bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná àti irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ tó dá dúró lè yọ, kó sì pààrọ̀ rẹ̀, títí kan àwọn ẹyọ inú rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi ètò kọ̀ǹpútà dènà ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, bátìrì ìpààrọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́jà fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta èyí tó kẹ́yìn. Ó yẹ kí èyí ta wá jí. Ilẹ̀ tí tòkunbọ̀ ń wọ̀ bí omi ni ilẹ̀ wa. Bí a kò bá ní òfin tiwa, ohun tí wọn kò gbà mọ́ lọ́hùn-ún lè di ohun tí wọn yóò wá dà sí wa lọ́rùn.

Kò sí ohun tó le nínú ohun tó yẹ kí a ṣe. Àjọ SON tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n bátìrì, ojú iná rẹ̀ àti ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá. Kí wọ́n kọ́ àwọn rìwáyà àti mẹkáníìkì wa ní iṣẹ́ náà, kó má di pé iléeṣẹ́ nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà náà má sì fọwọ́ sí ìwé kankan kí wọ́n tó béèrè pé: báwo ni bátìrì yìí ṣe ń jáde, ta ló sì láṣẹ láti yọ ọ́? Òní tí ọ̀kadà wọ̀nyí kò tíì pọ̀ ju ti elépo lọ ló rọrùn láti ṣe é. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.