Kí Oyún Tó Hàn, Ọkàn Ọmọ Ti Pé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, "Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí bá òwe yìí mu, nítorí ó kan ọmọ tí a kò ì tí ì bí, àti àrùn kan tí ìyá lè máa gbé kiri láìmọ̀. Àrùn náà ni àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà.

Àṣà wa ni láti máa bo oyún mọ́ra títí yóò fi hàn fúnra rẹ̀. A kì í kéde oyún oṣù kan tàbí méjì, nítorí aráyé. Àwa kò bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà, ṣùgbọ́n ohun tí a fi pamọ́ fún aráyé kò yẹ ní fífi pamọ́ fún dókítà àti agbẹ̀bí. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ni kì í dé ilé ìtọ́jú aboyún títí oyún yóò fi di oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ọmọ kì í dúró dè wá. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lẹ́yìn tí oyún dúró tí ọkàn náà ti ń lù. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ 8, iyàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ àti àwọn iṣan ńlá rẹ̀ ti wà ní ipò wọn. Ohun tí ó bá wọ́ láàárín àsìkò náà ti wọ́ kí ìyá tó gba káàdì.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ó lè da mímọ ọkàn ọmọ rú: ihò lè kù sára ògiri tí ó pín ọkàn, iṣan ńlá sì lè gba ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde. Nínú 100 ọmọ tí a bí, nǹkan bí ọ̀kan ni ó ń ní àbùkù ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti ní àtọ̀gbẹ kí ó tó lóyún, ewu náà a máa tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Sísanra àsanjù pẹ̀lú a máa dá kún un.

Oyún tí ó ti dàgbà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní àwọn ọdún 1950, Jørgen Pedersen, dókítà ará Denmark, ṣàlàyé pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ náà a sì máa pèsè ínsúlínì, oje tí ń kápá ṣúgà, ní àpọ̀jù. Èyí ni ó ń mú kí ọmọ tóbi jù, tí ó sì lè mú kí ẹran ọkàn rẹ̀ nípọn. Ìnípọn náà a sábà máa rọlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n àbùkù ti ìbẹ̀rẹ̀ lè fẹ́ iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ wa kò sì ká owó rẹ̀.

A kò kọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, tàbí láti di ẹ̀bi ru ìyá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọ tí àwọn ìyá alátọ̀gbẹ ń bí ni ọkàn wọn pé, obìnrin tí ó bá sì kápá ṣúgà rẹ̀ kí ó tó lóyún ti dín ewu náà kù gidigidi. Kí ìyá ọkọ má ṣe nàka sí ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má sì wá àjẹ́ kiri. Obìnrin tí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, báwo ni yóò ti ṣe mọ̀?

Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni ó ti ń béèrè àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Kí wọn fi àyẹ̀wò ṣúgà kún un. Èkejì, kí obìnrin tí ó ní àtọ̀gbẹ rí dókítà kí ó tó gbèrò oyún. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Bí oyún bá sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, kí a fi ẹ̀rọ wo ọkàn ọmọ náà. Ẹni tí kò ní àrùn náà tẹ́lẹ̀, kí ó tún ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, nítorí inú oyún ni ti ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Baba tí ń tọ́jú owó de ìkómọ, kí ó yọ owó àyẹ̀wò nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kan ìjọba. Ẹ̀rọ tí ń wo ṣúgà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń fẹ́. Kò yẹ kí ilé ìtọ́jú kankan ní ìlú tàbí ní abúlé wà láìní in, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ lé tálákà sẹ́yìn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí a bá ń ṣàdúrà fún aboyún pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé a ti ṣe ipa tiwa kí oyún náà tó dé.