Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ìsọ̀ Náà Sinmi

 

Àwa tí a ń ṣòwò ní Ajido àti ní etí ọ̀sà títí dé Àgbádárìgì mọ ohun tí ojú wa ti rí. Wọ́n ti ẹnubodè Sèmè ní oṣù Kẹjọ 2019, wọn kò ṣí i títí di oṣù Kejìlá 2020. Àárín ìgbà yẹn náà ni Kòrónà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó náírà di ohun àwátì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Bí ìsọ̀ yín bá ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá tún wá gbòòrò sí i, ẹ jó.

Òótọ́ sì ni pé òwò àwọn kan nínú wa ti gbòòrò. Ìyá tó jẹ́ òun àti ọmọ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ ti ní ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin tó ń bá a ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń yan ẹja, ọ̀kan ń tajà, ọ̀kan ń dúró ti POS. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ kí ọdún tó yí, a ò sì ní fi bọpo bọyọ̀. Bí òwò bá ń sanra, tí àwọn tó ń ṣe é ń gbẹ, òwò náà kò tíì tóbi. Owó nìkan kọ́ la fi ń ṣírò èrè.

Ẹ yí ojú ká ọjà. Ọmọ tó ti dé ìsọ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ ṣì wà lórí ìdúró láago mẹ́jọ alẹ́. Kò sí àpótí tó lè fi jókòó. Ó ń jẹun bí ẹni tó jí i. Lọ́jọ́ tó yẹ kó sinmi, wọ́n á ní kó wá fọ asẹ́ ẹja. Tí oṣù bá parí, "gba díẹ̀ yìí ná" ni. A ò dárúkọ ẹnì kankan o. Ẹni tó bá kàn mọ ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe jìyà ká tó dènìyàn." Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, ọjà ọrọọrún ló pọ̀, bí a ṣe mọ ọjọ́ ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ kára, àmọ́ àárín ọjọ́ ọjà kan sí èkejì ni wọ́n fi ń na ẹsẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń wá ọjà míì. Ọjà ojoojúmọ́ ló gba àlàfo yẹn lọ́wọ́ wa, a ò sì tíì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ ohun tó tọ́ sí òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ tó wákàtí kan. Nínú ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ ní odidi wákàtí 24 tí kò ní ṣiṣẹ́. Tó bá pé ọdún kan, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni yóò fi sinmi pẹ̀lú owó rẹ̀. Tó bá ṣàìsàn tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Owó iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù kan kó tó jáde. Lóòótọ́, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n sọ di 70,000 náírà ní 2024, kò de ìsọ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ká má ṣe ojú àánú.

Ká tiẹ̀ fi ojú àánú sílẹ̀, ká ṣírò owó. Ta ni wọ́n ń fi alẹ́ẹ̀tì èké lù ní jìbìtì nírọ̀lẹ́? Ọmọ tí oorun ti kún ojú rẹ̀ ni. Ta ni ń ka ṣéńjì lé? Ẹni tí ebi ń pa ni. Ọmọ tó bá sì bínú lọ, ó mọ kọ́sítọ́mà tó ń jẹ wá lówó, ó mọ èyí tó fẹ́ràn ẹja ńlá, ó mọ iye tí a ń rajà. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé lọ síwájú ìsọ̀ ẹlòmíì. Oṣù mélòó la máa fi kọ́ òmíràn?

Àwọn ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ wa ní Gánà ti fi hàn pé ìlera òṣìṣẹ́ àti èrè lè jọ rìn. Ní nǹkan bí 1970, ààrò kan jáde ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní Accra. Ìwádìí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ Gánà àti àjọ FAO ló bí i, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀. Amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ẹnu iná méjì ló ní. Wọ́n á wá to asẹ́ wáyà tí a kan igi mọ́ létí lé ara wọn lórí, kí èéfín lè gba àárín ẹja kọjá dípò kó máa gba ojú ènìyàn. Igi tó ń jó dín kù, ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́ẹ̀kan pọ̀ sí i, ojú ò sì ta wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní 2020 nìkan.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí gbogbo wa fọwọ́ sí nípàdé ọdún tuntun nìyí. Ìkíní, kí ọmọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀. Ẹ ó béèrè pé ta ni yóò dúró? Kí ìsọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fi ọjọ́ yàtọ̀ síra. Bí tèmi bá sinmi lónìí, tìrẹ á bá mi bojú tó o. Ìkejì, àpótí ìjókòó, omi mímu àti àsìkò oúnjẹ. Ìkẹta, kí owó oṣù ní iye, kó ní ọjọ́, kó sì wà nínú ìwé. Ìkẹrin, kí àwọn tó ń yan ẹja dá àjọ mọ ààrò tó dára. Ìkarùn-ún, kí a forúkọ ara wa àtàwọn ọmọ wa sílẹ̀ ní Ilera Eko, ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó: owó kékeré tí a san sílẹ̀ sàn ju owó ńlá ọjọ́ àìsàn lọ. Ọmọ tó bá sì yẹ kó wà níléèwé, kó wà níléèwé, kì í ṣe nídìí ìsọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọjà náà, ẹ má gbàgbé ara yín. Ẹsẹ̀ tó ń wú, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ẹ̀yin náà ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè: a nílò ara wa. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ọdún á yabo o. Ẹ jẹ́ ká pàdé nípàdé.