Igún, Àṣá àti Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀kọ́ Mẹ́rin fún Táàmù Tuntun

Àwọn òbí kan ti bi mí pé, "Tíṣà, kí la lè fi kọ́ ọmọ tí kò fi ní sùn lórí ìwé?" Ìdáhùn mi ò le: ohun tí ọmọ fẹ́ràn ni kẹ́ ẹ mú. Ní Erinje níbí, bọ́ọ̀lù ni. Ẹyẹ ẹ̀gà kún orí ọ̀pẹ, lékèélékèé wà nínú pápá, ìròyìn sì ń bẹ lórí rédíò àti nínú fóònù. Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú kíláàsì ìgbà họlidé tí mo ṣe lóṣù tó kọjá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi mú ẹyẹ. Bí ọmọ tiwa bá wọ kíláàsì, wọ́n á máa pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà, bí ẹni pé inú òkùnkùn ló ti ń bọ̀. Ọmọ náà á dákẹ́. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá dé orí ẹyẹ, òun ló mọ ìkóódẹ, òun ló mọ ìdí tí wọn kì í fi í pa igún nílé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òun láá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: Máàpù

Ẹ ya máàpù Áfíríkà sára pátákó. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wá orílẹ̀-èdè tó fi ẹyẹ sọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Tiwa ni wọ́n á kọ́kọ́ pè: Super Eagles, idì nìyẹn, Super Falcons àwọn obìnrin, àṣá nìyẹn. Mali náà, idì ni. Tunisia, idì Carthage ni, orúkọ ìlú àtijọ́ kan létí òkun. Togo tó wà nítòsí wa, ẹ̀yà àṣá kan ni. Uganda, àgùfọn ni. Ẹyẹ náà wà láàárín àsíá wọn pàápàá. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan orílẹ̀-èdè kan lórí máàpù, kó sọ ohun tí ẹyẹ ibẹ̀ ń jẹ àti ibi tó ń gbé.

Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ fi àríyànjiyàn kún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ Benin ń pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2022 wọ́n pa á tì, wọ́n mú cheetah, ìbátan ẹkùn tó ń sáré bí ìjì. Ṣé orúkọ ló ń ro èèyàn, àbí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ń sọ orúkọ di ńlá? Ẹ pín kíláàsì sí méjì, kẹ́ ẹ jókòó.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ìṣirò inú 3–2

Ní 26 Oṣù Keje 2025, ní Rabat, Morocco ti jẹ Super Falcons ní góòlù 2 sí òdo kí wọ́n tó lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n padà dé, Esther Okoronkwo gba pẹnáritì wọlé ní ìṣẹ́jú 64. Folashade Ijamilusi gba ìkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 71. Jennifer Echegini gba ìkẹta ní ìṣẹ́jú 88. Bí wọ́n ṣe gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹwàá nìyẹn.

Ẹ kọ àwọn ìṣẹ́jú náà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín góòlù wa àkọ́kọ́ àti ìkẹta? 24. Mélòó ló kù kí 90 pé? 2. Ká ní wọ́n fọn fèrè òpin ní ìṣẹ́jú 70, mélòó sí mélòó? Ọmọ tó ń sá fún ìyọkúrò tẹ́lẹ̀ á máa nọwọ́ sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ àròkọ: kí ni kóòṣì sọ fáwọn ọmọbìnrin náà nígbà ìsinmi? Nínú kíláàsì mi, àwọn kan kọ àdúrà gígùn, àwọn kan kọ èébú. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé kóòṣì ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn bi wọ́n pé, "Ta ló rẹ̀ nínú yín?" Mo kà á sókè fún gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Igún

Ẹ bi wọ́n pé: ta ló lè fi igún sọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ wá sọ ti Flamengo fún wọn, ní Rio de Janeiro, ní Brazil tí àwọn èèyàn wa gbé òrìṣà dé. Èèyàn dúdú àti mẹ̀kúnnù pọ̀ nínú àwọn alátìlẹ́yìn Flamengo, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì ń fi wọ́n bú ní urubu. Urubu ni ẹyẹ ibẹ̀ tó jọ igún tiwa. Ní 1969, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bá Botafogo gbá ní pápá Maracanã, àwọn ará Flamengo gbé urubu gidi wá pẹ̀lú àsíá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Flamengo borí, 2–1. Láti ìgbà náà, ẹyẹ tí wọ́n fi ń bú wọn ti di àmì iyì wọn. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní abọ̀rìṣà máa ń gbọ́ ìtàn yìí yé, kò sí pé ẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ inú ìròyìn. Igún ń tán. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ẹranko ti kọ igún ìgboro wa yìí sára àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ ìparun pátápátá. Ní 2020, ní Guinea-Bissau níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n fi májèlé pa igún tó ju 2,000 lọ. Òkú àwọn kan ò lórí mọ́, torí wọ́n ń ta orí igún fún oògùn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Abo igún 10, ẹyin 10, bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ pa. Abo adìyẹ 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yé ẹyin 10 ńkọ́? 100. Èwo la lè máa pa tí kò ní tètè tán?

Ẹ sọ ti Íńdíà fún wọn pẹ̀lú. Wọ́n ń fún màlúù ní oògùn ara ríro kan tó ń jẹ́ diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú irú màlúù bẹ́ẹ̀ ń kú. Láàárín ọdún díẹ̀, igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ náà. Òkú ẹran ń jẹrà káàkiri, ajá ìgboro ń pọ̀, dìgbòlugi ń bá wọn rìn. Ní 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de oògùn náà fún màlúù, ṣùgbọ́n igún ò tíì padà bó ṣe wà. Inú igún le débi pé kòkòrò àrùn tó ń pa màlúù àtèèyàn máa ń kú síbẹ̀. Agbálẹ̀ ìlú ni, kì í gbowó oṣù.

Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní àwọn babaláwo ló ń pa igún. Ṣé lóòótọ́ ni?" Gbogbo kíláàsì yíjú sí ọmọ tiwa tó jókòó sẹ́yìn. Mo dáhùn láìfi bò: àwọn kan ń pa á, àwọn kan ń rà á, wọ́n sì ń fi orúkọ ìṣẹ̀ṣe bojú. Ṣùgbọ́n kí ìjọba kankan tó kọ òfin sínú ìwé ni èèwọ̀ tiwa ti wà: a kì í pa igún, a kì í jẹ ẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ní, "Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Ẹ̀yin àgbà, èmi ti fẹnu sọ ọ́ níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá orí igún lórí àtẹ wa.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ mú ọmọ lọ sẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, kó ka iye igún tó bá rí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Kó wá bi bàbá àgbà bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nígbà èwe rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ igún lágbàáyé. Bó bá ti kọjá kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, ọjọ́ tó bá wù yín dára.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Ìkóódẹ

Ìyẹ́ ìrù pupa 12 ló wà nídìí odídẹrẹ́. Bó bá ti gbó, á bọ́, òmíràn á hù. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò: ká ní ó ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìkóódẹ mélòó ni ẹyẹ kan máa fi sílẹ̀ ní 30 ọdún? 360. Èyí tí wọ́n pa lónìí nítorí ìkóódẹ ńkọ́? 12. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wo méjèèjì lórí pátákó, ó ní, "Ẹni tó pa á ló jẹ gbèsè."

Ní Ghana, àwọn olùwádìí rí i pé odídẹrẹ́ ti dín ju 90 nínú 100 lọ láti nǹkan bí 1992. Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn CITES fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Kò sí ìyàwó òrìṣà tí kò mọ iyì ìkóódẹ. Bí ẹyẹ náà bá tán, kí la máa fi ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́? Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín pé báwo ló ṣe rí i. Lójú tèmi, èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n fà yọ lára òkú ẹyẹ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Iṣẹ́ ilé

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá àgbà rẹ̀ ní orúkọ ẹyẹ márùn-ún bí Ìkálẹ̀ ṣe ń pè é, kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ inú ìwé. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní èdè wa ò lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ sì fi iye igún tẹ́ ẹ bá kà ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé tó ń bọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Kí Elédùmarè dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí, kí wọ́n má wulẹ̀ gbọ́ orúkọ igún lẹ́nu wa nìkan, kí wọ́n fojú rí i. Àṣẹ.