Ẹ Dí Ihò Páìpù Kí Ẹ Tó Lé Òṣìṣẹ́

Bí owó iná bá ti wọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá máa ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, owó iná wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Lọ́dún kan náà ni wọ́n fi àbójútó ọ̀rọ̀ iná ní Èkìtì lé ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́. Nítorí náà, Adó níbí la ó ti máa bèèrè, kì í ṣe Àbújá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ bébà. Ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969 létí odò Ọya, odò kan náà tí ìsédò Kainji fi ń pèsè iná. Síbẹ̀, iná nìkan kò tó bébà. Ooru omi ni wọ́n fi ń mú un gbẹ. Bọ́ílà á se omi, ooru rẹ̀ á kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, lẹ́yìn náà ni yóò lọ gbẹ bébà. Ìdáná kan, iṣẹ́ méjì. Èèpo igi pàápàá kì í ṣòfò níbẹ̀, ó ń di ohun ìdáná.

Bí páìpù bá wá ń jò, tí ohun tí a fi wé e ti ya, tí omi gbígbóná tó yẹ kó padà sí bọ́ílà ń ṣàn lọ sí gọ́tà, owó ló ń ṣàn lọ yẹn. Ta ló kọ́kọ́ ń rí i? Òṣìṣẹ́ ìdí bọ́ílà ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí wọ́n máa fi bíìlì iná han ẹgbẹ́, kí aṣojú òṣìṣẹ́ bá wọn yẹ ẹ̀rọ wò lóṣooṣù, kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dí ibi tó ń jò, kí owó oṣù sì jẹ nínú èrè rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ bíríkì Ìrè-Èkìtì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ tó bá dákẹ́ kò ní ẹrù tí ẹ ó kó. Ẹ jẹ́ ká pa ohùn pọ̀.